Ọtí Tí Wọ́n Ní Kí N Má Pè Ní Tèmi

Òórùn èèpo ọsàn ló máa ń gbé mi padà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Bẹyẹrúnká. Èèpo tútù ni mò ń wí o, èyí tí ọlọ́sàn ń fi abẹ bó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí oje inú rẹ̀ ń fín sí ni lójú. Títí dòní, tí mo bá ń kọjá níwájú àwọn ọlọ́sàn ní Ọjà'ba, ẹsẹ̀ mi á falẹ̀, àwọn ọmọ mi á rò pé mo fẹ́ rà á. Mi ò fẹ́ ra nǹkan kan. Ìkòkò ọtí kan tó ń hó lórí ààrò ni mo máa ń rántí, àti ọ̀sán ọjọ́ kan ní Bẹẹrẹ tí mo ṣe ohun tí àwọn kan ṣì ń bá mi wí lé lórí. Jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bó ṣe rí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ ọ́ kiri kò sí níbẹ̀.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni iṣẹ́ ọtí ti wá. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ọtí àgbàdo, ni ìyá rẹ̀ ń pọn, òun náà sì ti ń pọn ọ́n kí bàbá mi tó fẹ́ ẹ. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé bàbá mi látòkèdélẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ògiri tó jìnnà jù lọ́hùn-ún ni wọ́n ní kó gbé ìkòkò rẹ̀ sí, kí òórùn rẹ̀ má baà bá àwọn tó ń kírun. Nígbà tí ọwọ́ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èmi ni mo gba orógùn lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti bí ìbejì nígbà yẹn, mo sì ti kó ẹrù mi kúrò nílé ọkọ, torí ọkùnrin tó bá ń fi ọwọ́ dáhùn ọ̀rọ̀ kò lè bá irú mi gbé. Dálémosú ni wọ́n ń pè mí lẹ́yìn, ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni wọ́n ń pè mí lójú. Mo ń jẹ́ méjèèjì, mo sì ń ro ọtí mi lọ.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó le, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í fi ṣeré. Ẹni tó bá pọn ọtí ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀, lójú ẹni tó fẹ́ mu ún. Kì í ṣe ẹni tó bù ú, kì í sì í ṣe ẹni tó ni ilé tí wọ́n ti ń mu ún. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wọ ìkòkò ni, kí gbogbo ojú lè rí i pé ohun tó gbé fún èèyàn kò ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Àwọn àgbà ìsàlẹ̀ ìlú kì í béèrè rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n á kàn gbé igbá ọtí lé orúnkún, wọ́n á máa wò ọ́. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé mi ò rò pé ẹnikẹ́ni wà ní Ìbàdàn tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wà tí kò mọ̀ ọ́n. Ìgbà ìjọba ológun ni, lẹ́yìn tí wọ́n ti pàṣẹ pé kí àwọn iléeṣẹ́ bíà má kó bálì, ọkà tí òyìnbó fi ń pọntí, wọlé láti òkè òkun mọ́, kí wọ́n lọ wá nǹkan ṣe sí ọkà bàbà àti àgbàdo tiwa. Ọ̀mọ̀wé kan tó ń kọ́ni nípa oúnjẹ nílé ẹ̀kọ́ gíga bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àdúgbò, ó ń béèrè àwọn obìnrin tó ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Dókítà là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́ rí. Ọmọ Ìbàdàn ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ, ìlú òyìnbó ló sì ti gboyè. Ó ti bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí, ní ilé ìpọntí kékeré kan, irú èyí tí èèyàn mẹ́ta mẹ́rin ti ń fọwọ́ ara wọn pọn ọtí tó wù wọ́n, tí wọn kò bá iléeṣẹ́ ńlá kankan figa gbága. Tó bá ń sọ̀rọ̀ ibẹ̀, ojú rẹ̀ á máa dán. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, mi ò ní purọ́.

Ìgò kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú èyí tó kó ti ibẹ̀ bọ̀ ló gbé wá fún wa lọ́jọ́ kan, ó fi táwẹ̀lì wé e bí ọmọ tuntun. Ó jókòó lórí odó ìyá mi, ó rọra ṣí i.

"Ẹ tọ́ ọ wò, Ìyá Ìbejì," ó ní. "Kò jọ bíà tí ẹ mọ̀ o."

Ó fi hàn mí pé wọ́n kọ Íńdíà sára ìgò náà. Mo bi í léèrè bóyá àwọn ará Íńdíà náà ń pọntí, nítorí mo ṣe bí sinimá nìkan ni iṣẹ́ wọn. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ló ń pọn ọ́n, wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi gbé e ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn ní Íńdíà láyé àtijọ́. Nítorí pé ìrìn náà jìn, wọ́n á kó òdòdó kíkorò kan tí àwọn òyìnbó fi ń pọn bíà sí i ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kó má baà kan lójú òkun. Mo da díẹ̀ sínú igbá. Àwọ̀ oyin tí a gbé sójú oòrùn ló ní, ìfófòó funfun sì bò ó lórí. Mo gbé e sí imú, mo gbọ́ òórùn èèpo ọsàn àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Mo mu ún, ó sì korò bí ewúro tí wọn kò fọ̀ tó. Mo rojú. Mo tún mu ún, kíkorò náà ṣí kúrò lórí ahọ́n, ó lọ sẹ́yìn ọ̀fun, ẹnu mi wá mọ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rin pákò. Ìgbà tí mo mu ún lẹ́ẹ̀kẹta ni mo tó mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín. Ìyá mi tọ́ tirẹ̀ wò, ó tu ú sílẹ̀, ó ní àgbo ibà ni. Mi ò bá a jiyàn. Nídìí iṣẹ́ tiwa, tí ọtí bá bàjẹ́, a máa ń ní ó ti kan. Tó bá korò, a jẹ́ pé ẹni tó pọn ọ́n sùn lọ títí ó fi jóná nídìí. Mi ò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni fi kíkorò yin ọtí. Àmọ́ mo ti mu ún, mo sì ti mọ ohun tí mo mu.

"Èmi á pọn irú rẹ̀," ni mo sọ.

Dókítà ní kò ṣeé ṣe, nítorí òdòdó tí wọ́n fi ń mú un korò kò sí nílẹ̀ yìí, èyí tó mú bọ̀ nínú ọ̀rá sì ti gbẹ, kò rùn mọ́. Mo ní ṣé kò mọ orógbó ni. Ó ní kò sẹ́ni tó ń fi orógbó pọntí. Mo ní kó jókòó kó máa wò mí.

Ìkòkò mẹ́ta ni mo bà jẹ́ kí ìkẹrin tó dára. Mo rẹ ọkà bàbà, mo fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó títí ó fi hù, mo sá a gbẹ, mo gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ kí wọ́n bá mi lọ̀ ọ́ kó má kúnná jù. Mo sè é, mo sẹ́ ẹ, mo tún gbé omi rẹ̀ padà sórí iná, mo ha orógbó sí i. Ti àkọ́kọ́ korò débi pé ewúrẹ́ gbóòórùn èérí rẹ̀, ó yísẹ̀ padà. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì kan. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta korò dáadáa, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ ti kú. Ìgbà yẹn ni mo rán ọmọ mi kan pé kó lọ bá mi ṣa èèpo ọsàn lọ́dọ̀ ọlọ́sàn ẹnu ọ̀nà, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó, mo sì dà á sínú ìkòkò lẹ́yìn tí mo ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé ń ta sánsán. Dókítà jókòó sórí odó, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Èmi ń ro, òun ń kọ. Kò wá sí mi lọ́kàn nígbà yẹn pé ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lè wá di ẹni tó ni ín.

Nígbà tí ọtí náà silẹ̀ tán, tó mọ́ rekete, ó rọ ọ́ sínú ìgò, ó wá sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. Ó ti rí bàbá mẹ́rin tó ní ilé ọtí láti Bẹẹrẹ dé ẹ̀yìn Mápó. Wọ́n gbà láti wá tọ́ ọ wò. Tó bá wù wọ́n, wọ́n máa bá a kọ́ ilé ìpọntí kékeré sí ilẹ̀ kan ní Bẹẹrẹ, irú èyí tí òun ti bá wọn ṣiṣẹ́ nílùú òyìnbó gan-an.

"Ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń pọn ún," ó ní. Orí mi wú. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ o, Ìyá Ìbejì, ẹ má sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ pọn èyí. Tí wọ́n bá gbọ́ pé inú ìkòkò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ló ti wá, ọ̀rọ̀ tán. Mo máa ní láàbù wa nílé ẹ̀kọ́ la ti ṣe é. Ẹ ẹ̀ ṣáà ní bínú?"

Mo gbà. Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé mo gbà, torí mi ò fẹ́ sọ ìtàn yìí bí ẹni tí ẹ̀rù kò bà rí. Mo rò ó pé wọ́n á yéé pè mí ní ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Mo rò ó pé mà á wọ aṣọ funfun bí nọ́ọ̀sì, mà á máa pàṣẹ fún àwọn èèyàn. Ìtìjú iṣẹ́ ìyá mi wà lára mi, mi ò sì mọ̀ títí ọkùnrin yẹn fi bá mi pa á mọ́.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá tó dàgbà jù nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní Bẹẹrẹ, ni wọ́n ti pàdé, nílé òkè, níbi tí èèyàn ti ń rí Mápó lórí òkè rẹ̀ àti àwọn òrùlé tó ti dípẹtà nísàlẹ̀. Ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà pẹ̀lú ìgò inú omi dídì. Dókítà wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da ọtí sí gíláàsì fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da tirẹ̀, ó gbé tirẹ̀ kalẹ̀ sórí tábìlì, ó wá tẹríba díẹ̀.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ máa mu ún," ó ní.

Kò sẹ́ni tó mu ún. Wọ́n gbé gíláàsì lé orúnkún, wọ́n ń wò ó. Dókítà rò pé àwọ̀ rẹ̀ ló ń yà wọ́n lẹ́nu, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bálì, ó sọ̀rọ̀ òfin ìjọba, ó dé Íńdíà. Ìfófòó orí ọtí ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá tó ni ilé jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Dókítà, ta ló pọn ọtí yìí?"

"Láàbù wa ni, bàbá."

"Mo gbọ́. Ta ni nínú yín?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa," bàbá ní, kò sì gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún.

Ṣé o rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ọkùnrin yìí ti ní òun lòun pọn ọ́n, wọ́n sì ń retí kó mu ún. Ní ti Dókítà, àlejò ni wọ́n kọ́ ọ pé kó kọ́kọ́ dá lọ́lá. Bó ṣe ń rọ̀ wọ́n tó pé kí wọ́n mu, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ẹni tó bá pọntí tí kò fẹnu kàn án, àfi kó jẹ́ pé ó ń purọ́ tàbí pé nǹkan wà nínú ọtí náà. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá náà rọra da gíláàsì rẹ̀ padà sórí tábìlì, ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára agbádá.

Èmi tí mo wà lẹ́yìn kọ́tìnì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló lè yọ ọ́. Kò gbà ju kí n na orí, kí n sọ ọ́ sí i létí pé kó mu ún. Ẹnu mi tiẹ̀ ti là. Á mu ún, wọ́n á mu ún, á wù wọ́n, ọtí náà á sì di tirẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, èmi ni mo sì máa ti fọwọ́ ara mi fà á lé e lọ́wọ́. Inú bí mi. Kì í ṣe òun nìkan ni mo bínú sí. Ara mi ni mo bínú sí jù. Mo ronú kan ìyá mi tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kì í jẹ́ kí ọtí jóná, tí kò fi orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni rí nínú ilé tó kún fún àwọn tó ń kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ kọjá nídìí ìkòkò rẹ̀. Mo ká kọ́tìnì, mo jáde.

Mo kúnlẹ̀ kí wọn. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá." Lẹ́yìn náà mo dìde. Mi ò kúnlẹ̀ mu ún. Mo gbé gíláàsì tí Dókítà gbé kalẹ̀ fún ara rẹ̀, mo dojú kọ wọ́n, mo sì mu ún láìsinmi títí ó fi gbẹ. Dókítà ń pè mí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "Ìyá Ìbejì, Ìyá Ìbejì," bí ẹni tó ń pe ajá tó fẹ́ sá jáde sí títì.

Bàbá wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. "Ìwọ lo pọn ọ́n?"

"Èmi ni, bàbá. Orógbó ló mú un korò, èèpo ọsàn lẹ ń gbọ́ òórùn rẹ̀. Ìkòkò ìyá mi ni mo fi ṣe é, ẹlẹ́ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Bẹyẹrúnká."

Bàbá gbé gíláàsì rẹ̀ sẹ́nu. Ó mu ún, ojú rẹ̀ sì kájọ títí irùngbọ̀n rẹ̀ fi mì.

"Ó mà korò o," ó ní.

"Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, bàbá."

Àwọn tó kù bojú wò mí. Mi ò rò pé obìnrin ti dá a lóhùn báyìí rí nílé òkè yẹn. Ó fi ahọ́n kan òkè ẹnu, ó tún mu ún, ó tún mu ún. Nígbà tó ṣe, ó na gíláàsì sí mi pé kí n da òmíràn sí i. Ẹni tó ti da tirẹ̀ padà sórí tábìlì na ọwọ́ gbé e.

Orí àtẹ̀gùn ni Dókítà ti bá mi. Ó ní mo dójú ti òun. Mo ní mo yọ ọ́ ni, torí wọ́n ti fẹ́ máa lọ sílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wá sí Bẹyẹrúnká, inú rẹ̀ ti rọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun padà lọ sọ́dọ̀ bàbá, kí n sọ pé òṣìṣẹ́ òun ni mí, pé òun lòun kọ́ mi ní gbogbo rẹ̀. Ipò tí òun ṣèlérí fún mi ṣì wà níbẹ̀. Mo ní òun ló gbé ìgò òyìnbó wá, mà á sì sọ ìyẹn níbikíbi tí wọ́n bá ti bi mí.

"Èyí tó kù ńkọ́?" ó ní.

"Èyí tó kù, tèmi ni."

Ó gbé ìwé rẹ̀, ó lọ. Láìsí òun, wọn kò kọ́ ilé ìpọntí kankan sí Bẹẹrẹ. Àwọn tó ń lẹ táyà ló gba ilẹ̀ náà nígbẹ̀yìn. Ìyá mi ti gbọ́ gbogbo ohun tí a sọ láti inú yàrá. Nígbà tí mo wọlé, ohun kan ṣoṣo ló bi mí, ó ní ṣé mo mu ún tán. Mo ní mo mu ún tán. Ó ní ó dáa, ó sì ní kí n bá òun fa ẹní òun sínú oòrùn.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi pọn ọtí náà fún ilé ọtí bàbá yẹn. Rojúmu ni àwọn tó ń mu ún sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tí kì í rojú kó tó mu ún lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn àgbà ilé wa pè mí jókòó, wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ìkòkò nìkan làwọn ń fara dà, orúkọ mi ti wá jáde síta báyìí, ojú ń ti àwọn. Mo ní ojú kò ti èmi, pé ìkòkò náà ò sì kúrò níbẹ̀. Kò kúrò.

Títí dòní, àwọn èèyàn máa ń fi ìkáàánú bá mi sọ ọ́, pé mo fi mímu ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo mu odidi iléeṣẹ́ tó yẹ kí n jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ mo mọ̀ pé ká ní mo sọ̀rọ̀ yẹn sí Dókítà létí ni, mo lè wọ aṣọ funfun, mo lè máa pàṣẹ, gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá sì yin ọtí náà lójú mi ni mà á máa wo ilẹ̀. Mi ò bí ọmọ mi kí wọ́n wá máa rí mi tí mò ń wo ilẹ̀. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo mú kúrò nílé òkè bàbá, pé ọ̀rọ̀ "èmi ni" kò pa mí, mo sì ti sọ ọ́ níwájú àwọn tó le ju bàbá yẹn lọ.

Wọ́n á ní ṣé mi ò wá kábàámọ̀ rárá ni. Mo kábàámọ̀ o, ohun kan ṣoṣo. Mo jẹ́ kí ìfófòó wálẹ̀ tán lórí ọtí yẹn kí n tó ká kọ́tìnì.